Ewì Tí Ẹnu Tọ́jú Tí Kò Sọnù: Ìwọ̀n Ewì Nínú Rigveda

  

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ọ̀kan nínú wa ní olùkọ́ òun sọ fún àwọn ní kíláàsì pé ewì tí a kò kọ sílẹ̀ kò lè ní òfin. Pé ẹnu tó pè é báyìí lónìí yóò pè é bó ṣe wù ú lọ́la. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn kan yarí. Ohun tó dùn wá jù ni pé àwa tí a yarí pàápàá kò rí èsì gidi fọ̀. Òkè Ọya ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa sí, ibẹ̀ náà la sì dàgbà sí. Bí wọ́n bá ní ká ki oríkì orílẹ̀ wa kọjá ìlà mẹ́ta, òógùn á bò wá. Nítorí náà, a gba inú láíbúrárì lọ láti wá ẹ̀rí. Ibi tí a kò fojú sí ni ẹ̀rí ti yọ sí wa: ilẹ̀ Íńdíà ni.

Ohun tí a rí kà ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Àwọn ará Íńdíà àtijọ́ ní orin ìyìn tí wọ́n fi ẹnu nìkan tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Orin náà kò yingin. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é wà lára ohun tó ṣọ́ ọ, ìwọ̀n náà ló sì ń jẹ́rìí títí dòní níbi tí ẹnu bá ti ṣì í pè.

KÍ NI RIGVEDA?

Rigveda ni àkójọ orin tó lọ́jọ́ lórí jù nínú àwọn ìwé mímọ́ àwọn Híńdù. Èdè Sáńsíkírìtì ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láàárín 1500 sí 1000 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní agbègbè Punjab tí ó wà ní Íńdíà àti Pakistan lónìí. Orin 1,028 ló wà nínú rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni wọ́n pín in sí, àwọn ẹsẹ rẹ̀ sì lé ní 10,000. Àwọn tí wọ́n ń kí nínú rẹ̀ pọ̀: Agni tó jẹ́ òrìṣà iná, Indra jagunjagun tó ni àrá, Varuna tó ń ṣọ́ òfin ayé, àti Soma, ìyẹn omi ewéko kan tí wọ́n máa ń fún fún ètùtù, tí wọ́n sì tún ń bọ bí òrìṣà.

Iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ akéwì láyé ìgbà náà. Láti Ìwé Kejì dé Ìkeje, ìdílé kan ló ni ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìdílé Vishvamitra ló ni Ìwé Kẹta, ìdílé Vasishtha ló ni Ìkeje. Ẹni tó bá mọ bí ìdílé aláré ṣe ń rí nílẹ̀ wa kò ní bi wá bí baba ṣe ń fi iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́.

KÍKA SÍLÉBÙ

Akéwì Yorùbá kì í ka sílébù. Ibi tí èémí rẹ̀ bá já sí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì parí sí, ibẹ̀ ni ìlà rẹ̀ parí sí. Ìlà kan lè gùn, kí èyí tó tẹ̀ lé e kúrú. Ti akéwì Rigveda kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìlà rẹ̀ bá jẹ́ ti sílébù mẹ́jọ, mẹ́jọ náà ló gbọ́dọ̀ pé.

Pada ni wọ́n ń pe ìlà kan. Ìtumọ̀ pada ni ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn. Ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní lọ́kàn: bí ẹsẹ̀ kan ṣe jẹ́ ìdámẹ́rin ẹsẹ̀ ẹran, bẹ́ẹ̀ ni ìlà kan jẹ́ ìdámẹ́rin odindi ẹsẹ ewì. (Ẹ ṣọ́ ohùn o! Ẹsẹ̀ ti ara yàtọ̀ sí ẹsẹ ti ewì.) Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹsẹ ewì ló ní ìlà mẹ́rin. Àwọn kan ní mẹ́ta, àwọn kan ní márùn-ún. Ìwọ̀n méje tí àwọn àgbà máa ń kà nìyí:

Gayatri: ìlà mẹ́ta, 8 + 8 + 8, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24.
Ushnih: ìlà mẹ́ta, 8 + 8 + 12, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28.
Anushtubh: ìlà mẹ́rin, 8 + 8 + 8 + 8, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32.
Brihati: ìlà mẹ́rin, 8 + 8 + 12 + 8, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36.
Pankti: ìlà márùn-ún, 8 lọ́nà márùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40.
Trishtubh: ìlà mẹ́rin, 11 lọ́nà mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44.
Jagati: ìlà mẹ́rin, 12 lọ́nà mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48.

Ẹ wò ó dáadáa: mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n fi ń ju ara wọn lọ, láti 24 títí dé 48. Trishtubh ni wọ́n lò jù. Bí a bá pín gbogbo ẹsẹ Rigveda sọ́nà márùn-ún, tirẹ̀ á tó ìpín méjì. Gayatri ló tẹ̀ lé e, ó tó nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo ẹsẹ. Orin tó ṣáájú gbogbo orin nínú Rigveda, tí wọ́n fi kí Agni, Gayatri ni, ẹsẹ mẹ́sàn-án ló sì ní. Anushtubh kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú Rigveda, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun ni ọmọ rẹ̀ gorí oyè. Láti inú rẹ̀ ni ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní shloka ti wá, shloka yìí ni wọ́n sì fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú Mahabharata àti Ramayana, ìtàn ewì ńlá méjèèjì ilẹ̀ Íńdíà.

ÈYÍ TÓ FÚYẸ́ ÀTI ÈYÍ TÓ WÚWO

Kíka iye nìkan kò tó. Sílébù kan lè fúyẹ́, òmíràn lè wúwo. Bí fáwẹ́lì sílébù bá kúrú, tí kì í sì í ṣe kọ́ńsónáǹtì méjì ló tẹ̀ lé e, ó fúyẹ́. Bí fáwẹ́lì náà bá gùn, tàbí tí ó kúrú ṣùgbọ́n tí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé e, ó wúwo. Ẹ mú orúkọ Varuna: va, ru, na, gbogbo wọn ló fúyẹ́. Ẹ wá mú Agni: a kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n g àti n ló tẹ̀ lé e, nítorí náà sílébù àkọ́kọ́ wúwo. Ẹ mú Soma: o máa ń gùn nígbà gbogbo ní Sáńsíkírìtì, nítorí náà so wúwo, ma sì fúyẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n akéwì wọ̀nyí wà rèé. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ní òmìnira díẹ̀, akéwì lè to èyí tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá ti ń lọ sópin, òfin á gbá a mú. Nínú ìlà onísílébù mẹ́jọ, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sábà máa ń lọ báyìí: fúyẹ́, wúwo, fúyẹ́, tí ìkẹrin sì lè jẹ́ èyí tó bá wù ú. Nínú Trishtubh, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn á lọ báyìí: wúwo, fúyẹ́, wúwo, tí èyí tó kù sì lè jẹ́ èyíkéyìí. Jagati dà bí Trishtubh tí wọ́n fi sílébù kan lé nídìí: wúwo, fúyẹ́, wúwo, fúyẹ́, àti èyíkéyìí. Ìlà méjèèjì yìí gùn, nítorí náà wọ́n máa ń dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn sílébù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ parí sí.

Ẹni tó bá ti jókòó ti onílù rí yóò mọ irú nǹkan tí à ń wí. Onílù lè dárà ní àárín, ṣùgbọ́n bí ó bá ń padà bọ̀ sílé, gbogbo ẹni tó ń jó ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ máa balẹ̀ sí.

BÍ ẸSẸ ṢE Ń PÀDÉ ẸSẸ

Àwọn ẹsẹ pẹ̀lú a máa kẹ́gbẹ́. Àwọn orin kan jẹ́ ẹsẹ mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀. Tricha ni wọ́n ń pe irú ìdì bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ méjì méjì tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, èyí tí wọ́n ń pè ní pragatha. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n mú ẹsẹ Brihati kan, kí wọ́n fi ẹsẹ onísílébù 12 + 8 + 12 + 8 tẹ̀ lé e. Ìlà gígùn àti kúkúrú á máa wọlé, á máa jáde, bí ìgbà tí ènìyàn ń pè tí ẹlòmíràn ń dáhùn. Inú Ìwé Kẹjọ ni irú èyí pọ̀ sí.

Ìwọ̀n náà ní àkókò tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún soma lọ́jọ́ ètùtù. Ti òwúrọ̀, Gayatri ló ni ín. Ti ọ̀sán, Trishtubh ló ni ín. Ti ìrọ̀lẹ́, Jagati ló ni ín. Bí oòrùn ṣe ń lọ ni iye sílébù ń gorí.

OHÙN TÓ Ń PA ÈNÌYÀN

Ọ̀rọ̀ ohùn kì í ṣe tiwa nìkan. Sáńsíkírìtì ìgbà Rigveda ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Kò pọ̀ tó ti Yorùbá, nítorí sílébù kan ṣoṣo ni ohùn òkè sábà máa ń wà lórí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣípò, ìtumọ̀ lè yí padà.

Àwọn àgbà wọn máa ń sọ ìtàn kan fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Indra pa ọmọ Tvashtri. Tvashtri bínú, ó ṣe ètùtù kí wọ́n lè bí ẹni tí yóò pa Indra fún un. Ó pe ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kó túmọ̀ sí "ẹni tó máa pa Indra". Ṣùgbọ́n ohùn òkè tó yẹ kó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, ìbẹ̀rẹ̀ ló fi í sí, ọ̀rọ̀ náà sì di "ẹni tí Indra máa pa". Vritra dáyé lóòótọ́, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n Indra ló pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ kí àlejò ilẹ̀ wa pe ọkọ́ ní ọkọ̀, ẹ ò ní fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín jù.

BÍ WỌ́N ṢE Ń KỌ́ Ọ

Ó yẹ kí ìbéèrè kan máa jà lọ́kàn yín báyìí: báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé ẹsẹ 10,000 sórí láìsí ìwé? Gbogbo àwa tí a gbé Òkè Ọya la máa ń rí ọmọ kéú pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, tí wọ́n ń ké tí wọ́n ń mì. Ọmọ tó ń kọ́ Rigveda kò ní wàláà. Ẹnu olùkọ́ àti etí akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwé rẹ̀, ó sì máa ń gbé orí tàbí ọwọ́ sókè sódò bí ohùn bá ṣe ń lọ.

Lẹ́yìn tí ó bá ti mọ ẹsẹ náà bó ṣe wà, yóò tún kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni eré wá ń le. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà dúró fún ọ̀rọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní krama, á pe 1-2, á pe 2-3, á pe 3-4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú jata, á lọ, á bọ̀, á tún lọ: 1-2, 2-1, 1-2, lẹ́yìn náà 2-3, 3-2, 2-3. Nínú ghana tó le jù, á pe 1-2, 2-1, 1-2-3, 3-2-1, 1-2-3, kí ó tó bọ́ sórí ìkejì. Ẹni tó bá mọ ghana dójú àmì, oyè ni wọ́n ń fi í jẹ.

Kí ni wọ́n ń wá nínú gbogbo wàhálà yìí? Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá níwájú, tó kọjá lẹ́yìn, tó sì ti bá aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì pàdé nígbà púpọ̀, kò sí bí òmíràn ṣe lè yọ́ wọlé dípò rẹ̀ kí àwọn tó jókòó má fura.

ÌWỌ̀N Ń JẸ́RÌÍ

Síbẹ̀, èdè kì í dúró lójú kan. Láàárín ìgbà tí wọ́n ṣe orin náà àti ìgbà tí wọ́n fi òté lé bí wọn yóò ṣe máa pè é, ahọ́n àwọn ènìyàn ti yí díẹ̀. Ibí ni ìwọ̀n ti wá di ẹlẹ́rìí.

Ẹ mú sūrya, ìyẹn oòrùn. Sílébù méjì ni ẹnu ń pè lónìí, ṣùgbọ́n ìlà tó bá wà á máa dín ẹyọ kan. Bí a bá pè é ní sūriya, ìlà á pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Indra fúnra rẹ̀ máa ń di Indara níbòmíràn. Ẹsẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú gbogbo Rigveda, èyí tí ọ̀kẹ́ àìmọye Híńdù máa ń kà ní òwúrọ̀, Gayatri ni, Ìwé Kẹta ló sì wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á bí wọ́n ṣe ń pè é, 23 lẹ máa bá, kì í ṣe 24. Àwọn àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún ẹsẹ tó bá dín sílébù kan: nichrit ni wọ́n ń pè é. Ibi tí ẹyọ kan náà farapamọ́ sí ni ọ̀rọ̀ tó parí ìlà àkọ́kọ́, varenyam. Bí a bá pè é ní vareniyam, ó pé.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ náà pāvaka, "èyí tó ń sọ nǹkan di mímọ́". Gbogbo ènìyàn ló ń fa sílébù àkọ́kọ́ gùn tí wọ́n sì ń gé ìkejì kúrú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìlà kò gbà. Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde, èyí tó fúyẹ́ ni ìwọ̀n ń wá ṣáájú, kí èyí tó wúwo tẹ̀ lé e. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ pé pavāka ni àwọn tó ṣe orin náà ń pè. Kò sí ìwé ìgbà náà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ló sọ ọ́.

Ètò tí wọ́n to orin sí pàápàá ń jẹ́rìí. Nínú àwọn ìwé ìdílé, orin tó bá ní ẹsẹ púpọ̀ ló ń ṣáájú èyí tó ní díẹ̀ láàárín àwọn orin òrìṣà kan náà. Ní 1888, ọmọ Jámánì kan, Hermann Oldenberg, fi hàn pé orin tó bá rú òfin yìí, ó lè jẹ́ pé wọ́n fi kún un lẹ́yìn ni, tàbí pé orin kéékèèké bíi mélòó kan ni wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan. Ní 1994, B. A. van Nooten àti Gary Holland tẹ odindi Rigveda jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílébù tó sọnù padà sí ààyè rẹ̀ jákèjádò.

Ìṣirò náà tilẹ̀ bímọ sínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọ̀mọ̀wé àtijọ́ kan, Pingala, kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà láti to gbogbo irú ìlà tó lè wà bí a bá ní iye sílébù kan: sílébù mẹ́ta á fún wa ní irú mẹ́jọ, mẹ́jọ á fún wa ní 256. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní nǹkan bí 1150, Hemachandra ka sílébù tó fúyẹ́ sí ẹyọ kan, èyí tó wúwo sí ẹyọ méjì, ó sì rí i pé iye irú ìlà tó lè wà ń lọ báyìí: 1, 2, 3, 5, 8, 13. Ìyẹn ṣáájú kí Fibonacci ará Ítálì tó kọ ìwé tirẹ̀ ní 1202.

KÍ NI TIWA NÍNÚ RẸ̀?

A ti rí èsì fún olùkọ́ yẹn. Ewì tí a kò kọ sílẹ̀ lè ní òfin, òfin náà sì lè le débi pé ẹnu tó bá yẹ̀ á tú ara rẹ̀ fó. Òfin ewì tiwa yàtọ̀ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1984 lórí ewì alohùn Yorùbá pé àwítúnwí, ìfohùngbóhùn, ọ̀rọ̀ tó ń takora, àti irú wọn bẹ́ẹ̀ ni ewì wa fi ń dúró. Ẹni tí kò bá mọ òfin ló ń sọ pé kò sí òfin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tíì jó. Ní 2003, àjọ UNESCO kéde pípe Veda gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé; ní 2005, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ifá tiwa. Àjọ kan náà ló sọ pé nínú ẹ̀ka ìpè Veda tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ láyé àtijọ́, mẹ́tàlá péré ló kù. Gbogbo ọgbọ́n tí a kà sílẹ̀ yìí, sílébù kíkà, ohùn ṣíṣọ́, ghana àti jata, kò gba àwọn tó kù là. Kì í ṣe pé ìwọ̀n wọn kò péye. Ọmọ tí yóò jókòó kọ́ ọ ni kò sí.

Ìdí rèé tí òógùn fi ń bò wá bí wọ́n bá ní ká ki orílẹ̀ wa. Oríkì náà wà lẹ́nu ìyá wa, ó wà lẹ́nu ìyá àgbà. Àwa la ò tíì jókòó. Nítorí náà, àwa ìgbìmọ̀ ìwé yìí ti fẹnu kò: bí a bá lọ sílé nísinmi yìí, kálukú wa á gba ìlà mẹ́wàá oríkì orílẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó bí i, á pè é lọ, á pè é bọ̀, títí kò fi ní lè ṣì í pè. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi la máa gbọ́ ọ. Ẹni tó bá mú bébà wá, a máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ire o.